Àwọ̀ Ìbídùn

"Ẹ má bínú, mà, èmi ni," ni ọmọ náà wí, ó sì kúnlẹ̀.

Ohùn rẹ̀ ni Wúràọlá fi dá a mọ̀. Ọmọ́títí tó rí ní bí oṣù kan sẹ́yìn dúdú bí kóró iṣin, ó sì ń dán. Èyí tó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n háyà ní Mówè yìí ti pupa rẹ́súrẹ́sú, awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Oríkèé ìka rẹ̀ nìkan ló ṣì dúdú.

"Kí lo fi para, Ọmọ́títí?"

"Ìpara kan ni, mà. Wọ́n pò ó fún mi ní Ìbafò. Ó ń ta mí, àmọ́ wọ́n ní á dá tó bá yá." Ó nawọ́ sí àwòrán ńlá tó wà lára ògiri. "Mo ti ń jọ ọ́, àbí?"

Ìbídùn ló wà nínú àwòrán náà, ọmọbìnrin inú kàtúùnù tí àwọn ọmọdé ń wò lórí fóònù káàkiri. Wọ́n fẹ́ fi èèyàn gidi ṣe é ní fíìmù báyìí, Wúràọlá ló sì ń bá wọn ṣa òṣèré. Nínú ìtàn náà, ẹja ni ìyá Ìbídùn ń tà ní Àgbàdo, Yorùbá ni Ìbídùn fúnra rẹ̀ ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Síbẹ̀, imú rẹ̀ rí ṣóńṣó, ara rẹ̀ pupa bí oyin. Àwọn òǹwòran ti jiyàn títí lórí ayélujára: àwọn kan ní òyìnbó ni, àwọn mìíràn ní ọmọ wa ni.

Nínú gbogbo àwọn tó wá dán ara wọn wò lóṣù tó kọjá, kò sẹ́ni tó tó Ọmọ́títí. Nígbà tó ṣe ibi tí Ìbídùn ti ń pe ìyá rẹ̀ tó sọ nù, ẹni tó ń ya fídíò gan-an nu ojú. Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Olúṣẹ̀yẹ, olóòtú fíìmù náà, mi orí. Ó ní ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe, àmọ́ ó dúdú jù. Wúràọlá kò bá a jiyàn. Nígbà tí Ọmọ́títí bi í léèrè lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "O ṣe dáadáa. Àwọ̀ ni wọ́n ń wò." Ó rò pé òun ń tù ú nínú ni.

Wúràọlá wá ní kí ọmọ náà jókòó báyìí, ó sì wọlé tọ Olúṣẹ̀yẹ lọ.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí á tún ọ̀rọ̀ Ìbídùn yìí gbé yẹ̀ wò."

"Àǹtí Wúrà, ṣé èmi ni mo yà á pupa ni? Bí a bá fi aláwọ̀ dúdú ṣe é, àwọn èèyàn á bú wa. A ti rí ọmọ kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó."

"Ọmọ yẹn kò gbọ́ Yorùbá."

"Ẹlòmíràn á fi ohùn tirẹ̀ bá a sọ ọ́."

Wúràọlá tẹ Àbúbákr láago ní Ìfọ̀, ó sì gbé ohùn fóònù náà síta kí Olúṣẹ̀yẹ lè gbọ́. Òun ló ya kàtúùnù náà.

"Àbúbákr, nígbà tí o ń ya Ìbídùn, ọmọ ibo lo pè é?"

"Àǹtí, kí n má parọ́ fún yín, mi ò rò ó. Àbúrò mi obìnrin ni mo ń wò. Ẹ̀rín rẹ̀ ni, ìrìn rẹ̀ ni. Nígbà tó wá kan àwọ̀, bí àwọn kàtúùnù tí mo wò dàgbà ṣe rí ni ọwọ́ mi bá lọ."

"Ṣé àbúrò rẹ pupa ni?"

"Rárá o. Ó dúdú jù mí lọ."

Olúṣẹ̀yẹ rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i? Òun tó yà á gan-an kò mọ̀." Ó yọjú lójú fèrèsé, ó sì rí ọmọ tó jókòó. "Háà! Ọmọ yẹn nìyẹn? Ó ti ń mọ́ o! Ẹ sọ fún un kó fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kún un. Ó ṣeé ṣe kí a mú un."

Wúràọlá mú báàgì rẹ̀.

"Ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò máa bá yín ṣa òṣèré," ló wí, ó sì jáde.

Ọmọ́títí ti dìde dúró; ó ti gbọ́ ohun tí olóòtú sọ. "Mà, mo lè ṣe é! Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré!"

"O ò ní fi ìpara yẹn kan ara mọ́. Ó yá, ilé ìwòsàn là ń lọ."

"Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé àwọ̀ ni wọ́n ń wò!" Omijé bọ́ lójú ọmọ náà, iyọ̀ rẹ̀ sì ta á lẹ́rẹ̀kẹ́ tó fi pariwo. Wúràọlá dì í lọ́wọ́ mú.

Nílé ìwòsàn, Ọmọ́títí kọ ẹ̀yìn sí i. Nọ́ọ̀sì bi í bóyá kí àǹtí rẹ̀ dúró tì í.

"Kí wọ́n máa lọ," ló fèsì.

Wúràọlá bọ́ síta, ó sì tẹ ìyá ọmọ náà láago. Obìnrin náà ní òun ti ń bọ̀ láti Ìbafò, ó ń béèrè pé ta ló kó ọmọ òun sí irú wàhálà yìí.

"Ẹ máa bọ̀, mà," ni Wúràọlá wí. "Tí ẹ bá dé, màá sọ fún yín."

Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹnu ọ̀nà, ó ń dúró dè é.