Ìlà Kan Nínú Lọ́ọ̀gì

"Òfìfo ni lọ́ọ̀gì náà," Olúṣẹ̀yẹ wí. "Àǹtí, kò sí ìlà kankan níbẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì."

Àǹtí Dorothy, tó ni ọ́fíìsì kékeré náà ní Fẹ́sítàkì, káwọ́ gbera. Láti àárọ̀ ni Nọ́ọ̀sì Margaret ti ń pè é láti ilé ìwòsàn kan ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Láti ọjọ́ Ajé tí wọ́n ti ń gún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́ àjẹsára, káàdì ọmọ méje ti pòórá nínú ètò kọ̀ǹpútà tí ọ́fíìsì náà fi èdè Java kọ fún wọn.

"Ṣebí ìwọ lo ní ká gbé Log4j wọlé," Àǹtí wí. "O ní gbogbo ohun tí ètò yìí bá ṣe ni yóò máa kọ sínú lọ́ọ̀gì, ìwé ìrántí rẹ̀, pé bí nǹkan bá bàjẹ́, a ó kàn kà á ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí la wá fẹ́ kà báyìí?"

Gbádébọ̀, tó ti wà níbi iṣẹ́ náà ṣáájú Olúṣẹ̀yẹ, tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà tiẹ̀. Òun ló mọ ohun tó fà á. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun, ó ṣí fáìlì tí Olúṣẹ̀yẹ fi ń darí lọ́ọ̀gì, ó pa DEBUG, tó ń ní kó máa kọ gbogbo nǹkan, rẹ́, ó kọ OFF sí i, pé kó má kọ nǹkan kan mọ́. Láti ìgbà náà ni lọ́ọ̀gì ti yadi.

Ọdún kan gbáko ló fi kọ lọ́ọ̀gì tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìpàdé ẹyọ kan ni Olúṣẹ̀yẹ ṣe, kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì níbi iṣẹ́, tí Àǹtí fi gbé lọ́ọ̀gì Gbádébọ̀ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi sálúbàtà tó ti já. Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, "Ẹ bi Ṣẹ̀yẹ" ni ṣáá. Kódà àdúrà àárọ̀ tí Gbádébọ̀ máa ń fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Ṣẹ̀yẹ ni wọ́n ń ní kó gbà á báyìí. Gbádébọ̀ á kàn ṣàmín.

"Bí aago mẹ́rin bá lù tí mi ò mọ ibi tí káàdì wọ̀nyẹn wọlẹ̀ sí," Àǹtí wí, "Ṣẹ̀yẹ, wá iṣẹ́ míì." Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Ohun tí Gbádébọ̀ ń fẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n káàdì méje náà kò jẹ́ kó gbádùn ẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ méje yẹn, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ? Ó rọra dá DEBUG padà, ó pe Nọ́ọ̀sì Margaret.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ tún fi ọmọ kan sí i."

"Ìbejì ló wà níwájú mi. Mo ti fi Táyé sí i. Ó yá, èkejì rèé."

Ìlà kan yọ nínú lọ́ọ̀gì: *káàdì ti wà tẹ́lẹ̀, a fi tuntun rọ́pò rẹ̀.* Orúkọ apá ibi tó ti ṣẹlẹ̀ nínú ètò náà wà níwájú ìlà náà. Gbádébọ̀ ló kọ ibẹ̀. Ó ti ní bí orúkọ bàbá àti ọjọ́ ìbí bá ti bára mu, ẹnì kan náà ni. Kò rántí ìbejì.

"Ẹ̀gbọ́n." Olúṣẹ̀yẹ ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. "Ẹ bá mi wò ó, ẹ jọ̀ọ́. Bóyá mi ò tò ó dáadáa. Inú lọ́ọ̀gì tiyín ni mo ti wo bí ìlà ṣe ń jáde: ọjọ́, aago, orúkọ ibẹ̀. Mo sọ fún Àǹtí pé ẹ ti parí iṣẹ́ níbẹ̀, n ò ní yí i padà."

Gbádébọ̀ tún ìlà náà wò. Ọjọ́, aago, orúkọ. Òótọ́ ni. Láti oṣù mẹ́ta, kò ṣí lọ́ọ̀gì tuntun náà kà rí, àfi lónìí.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bó bá pa ìlà kan yẹn rẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

"Lọ pe Àǹtí wá," ó wí.

"Kí n ní kí ni?"

"Sọ pé mo ti rí ibi tí káàdì ń wọlẹ̀ sí." Ó yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. "Kí o sì sọ fún wọn pé mo mọ ẹni tó pa lọ́ọ̀gì."