Àmì Méjì Lára Ọ̀pá Bàbá

Ọjọ́ Ajé ni màmá wa sọ fún wa pé ẹni tó ń ra irin àlòpatì ń bọ̀ wá wọ́ ọkọ̀ bàbá wa lọ lọ́jọ́ Ẹtì. Wọn ò fi lọ̀ wá o, wọ́n kàn sọ ọ́ fún wa ni. Wọ́n gbé ife tíì sílẹ̀, wọ́n nu ẹnu, wọ́n ní, "Ó ti tó gẹ́ẹ́. Mi ò lè máa jí lójoojúmọ́ kí n máa wo òkú lójú fèrèsé."

Ká sòótọ́, òkú ni ọkọ̀ ọ̀hún. Ọdún tí bàbá wa ṣaláìsí gan-an ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nọ́ọ̀kì, àfi bíi pé àwọn méjèèjì jọ dá àdéhùn. Ọdún mẹ́ta ló ti fi dúró síwájú ilé, táyà ti rọ̀, alángbá ti sọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì dilé. Ṣùgbọ́n wẹ́dà ni bàbá wa, wẹ́dà lèmi náà, abẹ́ ọkọ̀ yẹn ni mo sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jó irin mọ́ irin. Oníbàárà tó bá kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù mi, tó rí i pé obìnrin ni mí, a máa bi mí pé ọ̀gá dà. Mo máa ń ní kó lọ wá a níta, tó bá ti wá a tó rẹ̀ ẹ́, kó padà wá bá mi.

Àbúrò mi ọkùnrin, rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ni tiẹ̀. Fíúsì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ọmọ ọdún mẹ́jọ ló wà tó fi ṣíbí tọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì wò, tí iná gbogbo ilé sì lọ. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń sọ pé ká yọ ẹ́ńjìnnì elépo inú ọkọ̀ yẹn dànù, ká fi ẹ́ńjìnnì oníná rọ́pò rẹ̀. Ó tilẹ̀ ti rí ọ̀kan rà, èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń gbé ẹrù nínú ilé ìkẹ́rùsí. Mo ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Àmọ́ lọ́jọ́ Ajé yẹn, èmi ni mo kọ́kọ́ lanu.

"Màmá, tó bá rìn kí ọjọ́ Ẹtì tó pé ńkọ́?"

Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Tó bá rìn, mi ò tà á mọ́. Tí kò bá rìn, kí ẹnikẹ́ni má sunkún sí mi létí."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A fi ṣéènì fa ẹ́ńjìnnì àtijọ́ jáde, a gbé e ti ògiri. Ẹ́ńjìnnì oníná kéré sí i púpọ̀, kò ju ìkòkò omi kan lọ, ṣùgbọ́n ó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Fíúsì ní tòun ni wáyà, àti àwọn bátìrì tó máa wà níbi ìkẹ́rù lẹ́yìn. Tèmi ni ìjókòó ẹ́ńjìnnì. Irin gbọọrọ méjì ló nà síwájú ọkọ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Mo ní láti dábùú irin tó nípọn lé àwọn méjèèjì, kí ẹ́ńjìnnì náà jókòó lé e, kí ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí ẹnu gíábọ́ọ̀sì gééré. Tí ó bá wọ́ díẹ̀ báyìí, àwọn méjèèjì á máa bá ara wọn jà títí ọ̀kan á fi fọ́.

Bàbá wa kò fẹ́ràn téèpù tí wọ́n fi ń wọn nǹkan. Wọ́n ní téèpù kì í mọ ọkọ̀, òǹkà nìkan ló mọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n bá ń tún ṣe lóòrèkóòrè, wọ́n á gé ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún un, wọ́n á fi fáìlì rẹ́ àmì sí i lára, wọ́n á gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pá ọkọ̀ ilé ló wà lókè pátápátá. Èèyàn á fi ìdí ọ̀pá náà ti ẹnu irin gbọọrọ yẹn níwájú, ibi tí àmì bá bọ́ sí ni ìjókòó ẹ́ńjìnnì ń lọ. Nígbà tí mo sọ ọ́ kalẹ̀, àmì méjì ni mo rí. Ọ̀kan jìn, èkejì ò jìn, àárín wọn ò sì tó ìbú ìka kan.

Fíúsì na ọrùn wò ó. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tó fi jẹ́ méjì?"

"Bàbá ṣi ọ̀kan rẹ́ ni. Èyí tó jìn ni ká tẹ̀ lé."

"Bàbá wa yìí? Ṣé àwọn náà máa ń ṣi nǹkan rẹ́ ni?"

"Ìwọ rewáyà, gbájú mọ́ wáyà."

Àmì tó jìn ni mo lò lápá ọ̀tún, òun náà ni mo lò lápá òsì. Mo jó ìjókòó náà mọ́lẹ̀, ojú ibi tí mo jó sì dán débi pé mo pe Fíúsì wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́sàn-án ọjọ́rú, a sọ ẹ́ńjìnnì oníná kalẹ̀ sórí rẹ̀. Nínú bóòtì mẹ́rin tó máa dè é mọ́lẹ̀, mẹ́ta wọlé, ẹ̀kẹrin kọ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí bàbá wa máa ń sọ, pé bóòtì tó bá kọ̀, bi í léèrè kó o tó nà án. Èmi ò bi í ní nǹkan kan. Ọjọ́ méjì péré ló kù, inú sì ti ń bí mi sí oòrùn, sí alángbá, sí gbogbo nǹkan. Mo fa òòlù yọ, mo gbá a lẹ́ẹ̀mẹta, ó wọlé.

Ní àárọ̀ ọjọ́bọ̀, a fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè kí táyà lè máa yí lófuurufú. Fíúsì so wáyà tó gbẹ̀yìn, ó wọnú ọkọ̀, ó rọra tẹ pẹ́dà abẹ́ ẹsẹ̀. Táyà yí. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo pàtẹ́wọ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́ sí i, ni gbogbo iwájú ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, ohùn kan ń lọ ọ̀ọ̀ọ̀ ní abẹ́ ibẹ̀, gíláàsì iná iwájú já bọ́, ó fọ́. Fíúsì sáré pa á.

"Wáyà rẹ ni," mo ní.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wáyà kì í gbọn ọkọ̀. Ìjókòó yín ni ẹ lọ wò."

Ibẹ̀ ni mo ti sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ. Mo ní bí bàbá wa bá wà láyé, wọn ò ní jẹ́ kó fọwọ́ kan ọkọ̀ àwọn. Ó rọra gbé sípánà sílẹ̀, ó lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó kẹ̀yìn sí mi. Ojú tì mí lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí, ẹyin lohùn.

Ohùn tí ọkọ̀ náà pa ló mú màmá wa jáde. Wọn ò bi wá pé kí ló ṣẹlẹ̀. Wọ́n lọ tààrà sí apá òsì, wọ́n ki ọwọ́ sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n di ẹnu irin gbọọrọ yẹn mú.

"Apá ibí ni, àbí?"

"Màmá, báwo lẹ ṣe mọ̀?" mo ní.

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Èmi ni mo fi ọkọ̀ yìí gbá ògiri géètì. Oyún oṣù mẹ́rin rẹ ló wà nínú mi, bàbá yín ń kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà. Ìyá wọn ló ra ọkọ̀ yìí fún wọn, màmá náà sì wà nínú ilé lọ́jọ́ yẹn. Bí a ṣe gbọ́ tí màmá náà ń bọ̀ báyìí, bàbá yín fà mí jáde, wọ́n jókòó sídìí sítíárìn. Wọ́n ní àwọn ni. Ìyá wọn bú wọn bí ẹni máa kú, wọn ò fèsì. Wọ́n fi oṣù kan na irin yìí títí tó fi tọ́, àmọ́ kò gùn tó apá ọ̀tún mọ́. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò sọ. Mi ò sì wakọ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ibí yìí ni mo máa ń rí ní gbogbo ìgbà tí mo bá yọjú lójú fèrèsé."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Èyí ti lé lọ́gbọ̀n, ṣùgbọ́n mi ò lè bínú sí irọ́ náà. Gbogbo ayé mi ni mo fi gbà pé màmá wa ò mọ ọkọ̀ wà ni. Mo wo ọ̀pá tó wà nílẹ̀. Bàbá wa kò ṣi nǹkan kan rẹ́. Àmì tó jìn, ti apá ọ̀tún ni. Èyí tí kò jìn, ti apá òsì ni, wọ́n sì rọra rẹ́ ẹ kí ojú má tètè rí i.

Mo lọ bá àbúrò mi lórí àtẹ̀gùn. "Fíúsì, má bínú. Ìjókòó mi ni. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn, irọ́ ni."

"Mo mọ̀ pé irọ́ ni," ó ní. "Bàbá ló kọ́kọ́ ra tẹ́sítà iná fún mi." Ó dìde, ó gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká gé e."

A gé e lóòótọ́. Ibi tí mo fi ń yangàn lánàá, mo gé e dànù lápá òsì, ó sì dùn mí wọra. Màmá wa fúnra wọn ló di ọ̀pá náà mú, wọ́n fi ìdí rẹ̀ ti ẹnu irin, wọ́n fi èékánná lé àmì tí kò jìn. Mo jó ìjókòó tuntun síbẹ̀. A tẹ́ rọ́bà tó nípọn sábẹ́ ẹ́ńjìnnì kí ó má baà fi ara kan irin. Nígbà tó kan bóòtì kẹrin, ìka mi méjì ni mo fi yí i wọlé. Oòrùn ò tíì wọ̀ tí Fíúsì fi tẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi tẹ̀ ẹ́ dé òpin. Táyà ń yí, ọkọ̀ ò mì. Mo gbé ife omi lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, omi náà ò dà. A fẹ́ atẹ́gùn sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀ lórí jáàkì.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹni tó ń ra irin àlòpatì dé pẹ̀lú ọkọ̀ ńlá rẹ̀, ó gbé e dábùú ẹnu géètì. Màmá wa ti wọ bàtà pẹlẹbẹ. Wọ́n na ọwọ́ sí mi pé kí n mú kọ́kọ́rọ́ wá, wọ́n jókòó, wọ́n di sítíárìn mú pinpin.

"Ẹ tan án."

"Ó ti tàn, Màmá," Fíúsì ní.

"Irọ́ ni. Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ rọra o."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ bàbá wa gbéra nílẹ̀, alángbá kan bẹ́ jáde lábẹ́ rẹ̀, ó sá lọ. Oníirin sọ̀ kalẹ̀, ó ń wò wá. "Èwo wá ni mo wá wọ́?"

Màmá wa yọ ọwọ́ kan lára sítíárìn, wọ́n nawọ́ sí ẹ́ńjìnnì elépo tó ti ògiri. "Ìyẹn. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ sún ọkọ̀ yín kúrò lọ́nà ná."

Ó sún un. Màmá wa dé ẹnu géètì, wọ́n tẹ bíréèkì, wọ́n wo ògiri apá òsì fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n rọra kọjá lára rẹ̀, àyè tó kù láàárín sì tó kí èèyàn gbà kọjá. Àwọn ará ilé kejì ti jáde, wọ́n ń bi ara wọn pé ta ló wà nídìí sítíárìn. Màmá wa sọ gíláàsì kalẹ̀, wọ́n yọrí síta.

"Ẹ wò mí dáadáa o," wọ́n ní. "Èmi ni mo ń wà á."