Ẹni Tó Wá Gba Báàgì Aláwọ̀ Búlúù

Ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Ìrìn-àjò kò gbà ju èèyàn méjì lọ, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀ gan-an ló wà. Inú mọ́tò làwọn arìnrìn-àjò á ti fi fóònù ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀: súwẹ́tà, ṣájà, ìrọ̀rí ọrùn, báàgì onítáyà. Wọ́n á sanwó lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì tó sọ̀kalẹ̀, ó ti dì í sílẹ̀. Wọ́n á kàn fi nọ́ńbà tó wà lórí fóònù hàn án, wọ́n á gbẹ́rù, wọ́n á bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹnì kan ra báàgì onítáyà aláwọ̀ búlúù àti súwẹ́tà. Orúkọ tó fi ránṣẹ́ ni Ìyá Télọ̀. Àǹtí rẹ́rìn-ín. Orúkọ tí wọ́n ń pe ìyá tirẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ìyá tirẹ̀ wà nílé, tó ń bá a tọ́jú àwọn ọmọ.

Ìgbà tó gbójú sókè, ìyá rẹ̀ ló rí lójú fèrèsé, tó na fóònù sí i.

"Nọ́ńbà mi rèé. Ṣe kíá, mọ́tò mi ò ní pẹ́ gbéra."

Ẹnu Àǹtí ò ṣeé pa dé. "Mọ́tò ibo, Màmá?"

"Àwọn eléré ìtàgé kan gbà mí síṣẹ́. Ìlú dé ìlú ni wọ́n ń lọ. Èmi ni màá máa rán aṣọ wọn."

"Pẹ̀lú orúnkún yín yẹn?"

"Orúnkún kọ́ ni mo fi ń gé aṣọ."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ?"

"Bàbá wọn. Ó ti mọ̀ tipẹ́. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi fóònù ra nǹkan."

Ó dà bíi pé ilẹ̀ yẹ̀ lẹ́sẹ̀ Àǹtí. Ọkọ tí wọ́n jọ jẹun láàárọ̀ yìí, tí kò sì ta á lólobó!

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Tí mo bá sọ ọ́ nílé, wàá sunkún, màá sì tún jókòó. Níbí, wàá kàn gbé ẹrù mi fún mi bó o ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn."

Àǹtí gbé báàgì náà síta, ìyá rẹ̀ ló sì fa síìpù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àǹtí wọ́ ọ tẹ̀ lé e dé ẹnu mọ́tò. Ìyá rẹ̀ wọ súwẹ́tà, ó fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́, ó gòkè. Mọ́tò lọ.

Nígbà tó padà sí ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà kan ti ń dúró de ṣájà. Ìrọ̀rí ló gbé fún un.

"Ẹ má bínú, sà. Màmá mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ."

Ọkùnrin náà ṣí fìlà. "Áà, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún wọn."

"Wọn ò kú," ó ní. "Iṣẹ́ ni wọ́n rí."