Hàwáwù àti Ẹ̀jẹ̀ Inú Eku

Ọdún méjìlá ni Hàwáwù fi tọ́jú eku funfun ní ilé ìwádìí kan lójú ọ̀nà Mando, ní Kàdúná. Òun ló ń fún wọn lóúnjẹ, òun ló ń fọ àgò wọn, òun náà ló sì ń gbé wọn fún àwọn dókítà lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pa wọ́n. Kò jẹ́ sọ ọ̀kankan lórúkọ. Ó ní ohun téèyàn bá ti sọ lórúkọ ti di mọ̀lẹ́bí.

Lọ́dún 1994, Dókítà Agatha Ọlọ́runtọ́ba, tó ń gbé ní Sabon Tasha, ń ṣèwádìí àìsàn oorun tí eṣinṣin irù tó ń mu ẹ̀jẹ̀ máa ń gbé kiri létí odò. Obìnrin kan ti kú nínú àìsàn náà níbẹ̀rẹ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ tó yẹ kó wò ó sàn. Kó tó kú, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n sì fi sára eku, kí wọ́n lè mọ ìdí tí abẹ́rẹ́ náà kò fi ràn án. Ṣùgbọ́n kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ yẹn kì í pẹ́ pa eku. Ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, wọ́n ní láti fa ẹ̀jẹ̀ eku tó ń ṣàìsàn sára èyí tí ara rẹ̀ dá. Bí wọ́n bá pa ọjọ́ kan jẹ, ó lè parí síbẹ̀. Olóògbé ti wà nínú ilẹ̀; kò síbi tí wọ́n ti máa rí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Nínú oṣù Keje, bàbá Dókítà kú ní Kabba.

"Ìyá Abdulwahab, ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo máa lò," Dókítà sọ fún Hàwáwù. "Mo máa dé kí ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó pé."

Ọjọ́ kejì tó lọ, epo ọkọ̀ dàwátì nítorí ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ epo. Ọkọ̀ ò rìn mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí ò wá síbi iṣẹ́, àfi ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Hàwáwù ń fẹsẹ̀ rìn láti ilé rẹ̀ ní Kinkinau lójoojúmọ́, torí eku ò mọ ìdaṣẹ́sílẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, irun eku tó ń ṣàìsàn ti dìde, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, kò jẹun mọ́. Hàwáwù mọ ohun tó kàn. Ó ti ń wo àwọn dókítà látọjọ́ tó pẹ́, ṣùgbọ́n òfin ò gba irú òun láyè láti fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Ó padà sílé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀, Àbdùlsàlámì, tó jẹ́ wẹ́dà.

"Haba, Hàwáwù! Torí eku lo fẹ́ ṣe pàdánù iṣẹ́? Bí abẹ́rẹ́ yẹn bá gún ẹ lọ́wọ́ ńkọ́?"

"Máa rọra ṣe é."

"Ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Kò sì sẹ́lòmíì níbẹ̀."

Àbdùlsàlámì dìde, ó mú ìbọ̀wọ́ aláwọ tó fi ń jó irin, ó nà án sí i. "Fi èyí di eku náà mú."

Hàwáwù padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Eku gé ìbọ̀wọ́ náà jẹ, eyín rẹ̀ ò wọlé. Hàwáwù gé ṣóńṣó ìrù eku náà, ó fi ẹ̀jẹ̀ tó kán pò mọ́ omi iyọ̀, ó sì gún un sínú ikùn eku méjì míì. Lọ́jọ́ kẹta, ó kán ẹ̀jẹ̀ wọn sórí gíláàsì. Iná ò sí, nítorí náà ó yí dígí ẹ̀rọ ìwohun-kékeré kọ ojú fèrèsé kí oòrùn lè wọ̀ ọ́. Ó rí àwọn kòkòrò náà, wọ́n ń jà rànyìn láàárín ẹ̀jẹ̀.

"Alhamdulillahi," ó ní. Lẹ́yìn náà ojú tì í pé àìsàn lòun ń dúpẹ́ fún.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó dé láàárọ̀, ó bá eku méjèèjì tí wọ́n ti kú. Ara ọ̀kan ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó fa ẹ̀jẹ̀ láti inú ọkàn rẹ̀, ó sì gún mẹ́ta tó kù nínú àwọn tí ara wọn dá. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Lọ́jọ́ kẹrin, kò rí nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ eku méjì. Ó rí kòkòrò náà nínú ti ẹ̀kẹta.

Ọkọ̀ oníṣu ló gbé Dókítà dé lọ́jọ́ kejì.

"Wọ́n ti kú tán, àbí?"

"Ó ku ọ̀kan, Dókítà. Ẹ̀jẹ̀ náà wà nínú rẹ̀."

Ojú Dókítà yí padà. "Ta ló gún un?"

Hàwáwù kúnlẹ̀. "Èmi ni. Ẹ má bínú."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, mà." Dókítà gba ìwé kékeré náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ṣí i lójú ewé kọ̀ọ̀kan. "Àní ẹ kọ ti àwọn tó kú pàápàá síbẹ̀."

"Ṣé kò yẹ kí n kọ ọ́ ni?"

Dókítà jókòó sórí àpò oúnjẹ eku, ó bú sẹ́kún. Bóyá torí bàbá rẹ̀ ni, bóyá torí eku ni, Hàwáwù ò mọ̀.

Àwọn ọ̀gá fún Hàwáwù níwèé ìkìlọ̀. Dókítà bá wọn jà títí, wọn ò gba ìwé ìkìlọ̀ náà padà. Ṣùgbọ́n látọjọ́ náà ni Dókítà ti ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́ bó ṣe yẹ.

Nínú oṣù Kọkànlá, ìwádìí jáde: abẹ́rẹ́ tí wọ́n fún olóògbé kò lè pa kòkòrò yẹn rárá, òmíràn lè pa á. Oṣù kan lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ọmọ olóògbé náà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, dé ọsibítù. Àìsàn náà ti mú òun náà; ó ti ń sùn lọ́sàn-án gangan. Dókítà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá àwọn oníṣègùn. Abẹ́rẹ́ tó lè pa kòkòrò náà ni wọ́n fún un.

Hàwáwù lọ kí i nígbà tó ti ń jókòó. Ọmọ náà fi Hausa béèrè pé ta ni. Hàwáwù ní òun kàn wá kí i ni. Ó bó ọsàn fún un. Ọmọ náà jẹ mẹ́ta, ó sì ní kó bó ẹ̀kẹrin.