Ìrọ̀rí Ìyá

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún káfíńtà kan ní egungun ìbàdí, kò fojú ba oorun. Ó bẹ ọmọ rẹ̀ obìnrin kó gbé ìrọ̀rí ìyàwó òun olóògbé, ìyá ọmọ náà, wá láti ilé. Òórùn ìpara irun ìyàwó rẹ̀ tó wà lára ìrọ̀rí náà ló fi ń rí oorun sùn nílé.

"Bàbá, ìrọ̀rí rèé. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, mo bá fọ̀ ọ́, kí àwọn nọ́ọ̀sì má baà fi wá ṣe yẹ̀yẹ́."

Bàbá rẹ̀ gbé e sí imú. Òórùn ọṣẹ nìkan ló gbọ́.

"Ẹ ó wá sùn báyìí, àbí?"

"Màá sùn, ọmọ mi. O ṣeun."

Ó fẹ́ kọjú sí ògiri, ṣùgbọ́n dókítà ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ yí ẹ̀gbẹ́. Ó la ojú sílẹ̀, ó ń wo àjà.