Wáìnì Tó Yadi

Kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi dí ìgò wáìnì náà dá sí méjì lẹ́nu ìgò. Ìdajì rẹ̀ bá irin ìṣígò jáde, ìdajì tó kù jókòó sí ọ̀fun ìgò bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Obìnrin náà kò kígbe, kò sì ṣépè. Ó ti ṣí ìgò tó pọ̀ ju irun orí rẹ̀ lọ, ó sì mọ̀ pé a kì í fi agbára bá kọ́ọ̀kì tó ti darúgbó lò. Ó tẹ irin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, ó yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì fa ìyókù jáde láìjẹ́ kí ẹ̀rún kan bọ́ sínú ọtí. Lọ́jọ́ mìíràn, inú rẹ̀ ìbá dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Lónìí, kò dùn ún, kò sì dùn mọ́ ọn.

Ìgò tó kẹ́yìn nìyẹn.

Agbọ́tí àgbà ni obìnrin náà ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ rélùwéè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó tọ́ wáìnì wò kí àlejò tó mu ún, kí ó sọ èyí tó bá ẹran mu àti èyí tó bá ẹja mu, kí ó sì dá èyí tó bàjẹ́ padà. Ìyá Tọ́ọwò ni gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń pè é. Wọ́n ní bí a bá fi aṣọ dì í lójú, tí a gbé ife ọtí kọjá níwájú rẹ̀, yóò dárúkọ ẹni tó fọ ife. Àwàdà ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni irọ́.

Lọ́dún tó ṣègbéyàwó ni ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì ìgbà náà fún un ní páálí wáìnì pupa kan láti Bọ̀dó, ní ilẹ̀ Faransé. Ọ̀gá náà ní, "Ẹ má tíì mu ún o. Ọmọdé ni. Ẹ jẹ́ kó dàgbà." Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀. Ó kan àpótí kan fún àwọn ìgò náà sábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí oòrùn kò dé, ó sì béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni tó ní làákàyè yóò béèrè: báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ọmọ ń dàgbà bí kò bá wò ó? Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ṣí ẹyọ kan ní ọdún méjì-méjì, ní àyájọ́ ìgbéyàwó wọn.

Ọkọ rẹ̀ kì í mu ọtí mìíràn. Á ti ṣọ́ọ̀bù dé, á gbọn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó á pariwo pé kó gbọ̀n ọ́n sójúde, nítorí pé lẹ́búlẹ́bú pákó ń bà sórí oúnjẹ, ó sì ń há sí òun léyín. Ọkọ á rẹ́rìn-ín, á fọwọ́, á jókòó, á gbé ife. Ní ìgò àkọ́kọ́, ó fa ojú ro. "Ó le lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin," ni ó wí. Nígbà tó yá, ọtí náà rọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó yadi. Kò dùn, kò korò, kò ní òórùn kan pàtó.

"Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?" ni ọkọ rẹ̀ bi í.

"Rárá o. Bí irú rẹ̀ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Tó bá kúrò lọ́mọdé tí kò sì tíì dàgbà, á pa ẹnu dé, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀."

"Bíi ti ọmọ wa," ni ọkọ rẹ̀ wí, nítorí pé ọmọbìnrin wọn ń bàlágà nígbà náà, ìkùnsínú ló sì fi ń kí wọn láàárọ̀.

Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń da ọtí náà sínú jọ́ọ̀gì ẹlẹ́nu gbòòrò ní òwúrọ̀, kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i títí di ìrọ̀lẹ́, bóyá á lahùn. Nígbà tí wọ́n mu èyí tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn, ọkọ rẹ̀ gbé ife sí imú, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò. "Ọtí yìí fẹ́ sọ nǹkan," ni ó wí. "Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Sùúrù ló kù. Ẹni tó bá ní sùúrù á fún wàrà kìnìún, á sì mu ún pẹ̀lú."

Kò mu ún. Ó ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, pẹ́ńsù ṣì wà létí rẹ̀.

Níbi ìsìnkú, obìnrin náà kò sunkún. Àwọn àgbà ní òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Òun kò sí nínú méjèèjì. Ó ń bá wọn to àga. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ sétí ọmọ aráyé pé ojú ìyàwó gbẹ kókó bí ẹni ń retí mọ́tò. Ìyẹn kò dùn ún. Ọmọ rẹ̀ ló wá bá a lẹ́bàá ibojì tó ní, "Màámi, ẹ ò tilẹ̀ sunkún." Ìyẹn náà kò dùn ún, ó sì mọ̀ pé ó yẹ kó dun òun. Ọmọ náà kò wálé mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló tó pè é lórí fóònù. "Ẹ jẹ́ ká jọ mu ìgò Bàámi lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín," ni ó wí. "Bí ọtí yẹn bá sọ ohun tó fẹ́ sọ, bóyá ẹ̀yin náà á sọ nǹkan."

Ìdí nìyí tó fi dúró sí ilé ìdáná ní òwúrọ̀ yìí, tó da díẹ̀ sínú ife, tó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Àárín rẹ̀ ṣì pupa, àmọ́ etí rẹ̀ ti di àwọ̀ bíríkì. Ó rí i. Ó gbé e sí imú. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó mu díẹ̀, ó yí i lẹ́nu, ó sì tu ú sínú abọ́ ìfọwọ́ bí iṣẹ́ ṣe kọ́ ọ. Omi ni.

"Ó ṣì yadi," ni ó sọ sókè nínú ilé tí kò sí ẹnìkankan.

Bí ọmọ bá dé, tó bá ọtí tó yadi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tó yadi, yóò yí padà lọ, ó sì lè má wá mọ́. Obìnrin náà da gbogbo ìgò sínú jọ́ọ̀gì, ó gbé e sórí tábìlì, ó wọ bàtà, ó sì gba ibi iṣẹ́ lọ.

Òtẹ́ẹ̀lì kún lọ́sàn-án náà. Igbákejì rẹ̀, baba ọlọ́mọ kan tí wọ́n ń pè ní Orí Dán nítorí orí rẹ̀ tí ń kọ mànà, gbé ìgò kan tọ̀ ọ́ wá lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Màmá, èyí tẹ́ ẹ dá padà lánàá, mo tọ́ ọ wò. Kò sí ohun tó ṣe é."

"Ó ti pa ẹnu dé."

"Bẹ́ẹ̀ lẹ sọ nípa ti ìjẹta." Ó rọra sọ ọ́, kò wò ó lójú. "Àti èyí tó ṣáájú rẹ̀."

Láti yí ọ̀rọ̀ padà, ó sọ fún un nípa ìgò ọkọ rẹ̀, pé òun ti dà á sínú jọ́ọ̀gì láti òwúrọ̀ kí ó lè lahùn tó bá di ìrọ̀lẹ́. Orí Dán gbé ìgò ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Èyí tí wọ́n fún yín nígbà ìgbéyàwó? Etí rẹ̀ ńkọ́?"

"Bíríkì."

"Màmá." "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé atẹ́gùn tó ń jí ọ̀dọ́ ló ń pa arúgbó."

Òun ló kọ́ ọ lóòótọ́. Ó sì ti lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rí nítorí rẹ̀: a kì í da wáìnì tó ti darúgbó, tí etí rẹ̀ ti di bíríkì, sínú jọ́ọ̀gì títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá ti lahùn, ẹ mu ún, nítorí pé kò ní lahùn lẹ́ẹ̀mejì. Ojú rẹ̀ ti rí àwọ̀ náà kedere. Imú rẹ̀ ló ní ó yadi, imú ló sì gbà gbọ́. Ó tú épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó fà á lé Orí Dán lọ́wọ́, ó sì jáde láìmú àpò.

Ó ń rìn kíákíá, àmọ́ àyà rẹ̀ kò já. Ó ń retí kí ó já. Ó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì, ó kọjá níbi tí wọ́n ti ń da ọ̀dà sí títì, ó rí èéfín rẹ̀ tó ń rú, ó rí obìnrin kan tó fi gèlè bo imú. Òun kò bo tirẹ̀.

Nígbà tó dé, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Ọmọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀, ó fẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ tábìlì, báàgì tó fi ń lọ ṣe iṣẹ́ tíṣà ṣì wà léjìká rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Jọ́ọ̀gì náà wà lórí tábìlì bó ṣe fi í sílẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Màámi. Mi ò lè dúró di ìrọ̀lẹ́." Ó nu imú. "Nígbà tí mo fi kọ́kọ́rọ́ mi ṣílẹ̀kùn, Bàámi ni mo gbọ́ òórùn wọn."

"Kí lo sọ?"

"Pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Pẹ́ńsù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Àti àpò aláwọ tí wọ́n ń kó irin iṣẹ́ sí. Ó kún gbogbo ilé. Mo ti pe 'Bàámi!' kí n tó rántí." Ó tọ́ka sí jọ́ọ̀gì. "Inú ìyẹn ló ti ń wá. Mi ò fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin ni mo ń dúró dè."

Obìnrin náà tẹríba sórí jọ́ọ̀gì títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọtí. Ó fa èémí dé ìsàlẹ̀ ikùn.

"Ẹ gbọ́ ọ, àbí?"

Ó lè purọ́. Ọ̀rọ̀ kò wọ́n ọn. Láti bí oṣù mélòó kan ni ó ti ń fi ọ̀rọ̀ lásán bọ́ àwọn àlejò òtẹ́ẹ̀lì. Igi, awọ, ewé tábà, èso gbígbẹ: ó mọ ohun tó yẹ kí irú wáìnì yìí sọ ní irú ọjọ́ orí yìí bí ẹni mọ àdúrà. Ó fa àga, ó jókòó.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Kò sí nǹkan kan rárá?"

"Oúnjẹ, ọṣẹ, ọtí: omi ni gbogbo wọn jẹ́ fún mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé bàbá rẹ lọ. Mo rò pé àwọn wáìnì ló ń yadi."

Ọmọ náà wò ó pẹ́. Ìyá rí i pé gbogbo òwúrọ̀ ni òórùn ọkọ òun fi wà nínú ilé yìí, tí òun sì wọ bàtà, tí òun ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

"Ohun tó bá ojú ló bá imú," ni ọmọ rẹ̀ wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ kò ní ẹ̀sùn nínú. "Èmi rò pé ẹ ò fẹ́ sunkún ni."

"Ó ń lọ," ni ìyá wí. "Kò ní pẹ́ kú. Tètè mu ún, kí o sọ fún mi."

Ọmọ náà dìde, ó da ọtí sí ife méjì, ó mu tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó pa ojú dé. Kò mọ ọ̀rọ̀ àwọn agbọ́tí, ohun tó bá rí ló ń sọ. Ó ní èso tó ti gbẹ wà níbẹ̀, kò mọ irú èyí. Ó ní ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ó ní inú dúróà tábìlì tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, èyí tó máa ń há, tí Bàámi ń fi orúnkún tì. Obìnrin náà ń fetí mu ún.

"Pẹ́ńsù ńkọ́?"

"Pẹ́ńsù ti lọ."

"Pákó?"

"Ó wà. Ó ti ń jìnnà." Ó tún mu. "Ó ti kan díẹ̀, Màámi."

Ìyá mi orí. Ó mọ ohun tí kíkan túmọ̀ sí. Ó gbé jọ́ọ̀gì, ó da ìyókù sínú ife tirẹ̀, gbogbo rẹ̀, tòun ti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó yẹ kó ti sẹ́ kúrò láàárọ̀ ká ní ó mọ ohun tó ń ṣe. Ó gbé e sẹ́nu. Omi ni. Lẹ́yìn náà, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà dé orí ahọ́n rẹ̀, ó rí ṣákaṣàka, ó há sí i léyín, bí ìgbà tí ẹnì kan bá gbọn aṣọ iṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà tí kò gbọ́ pé kó gbọ̀n ọ́n sójúde.

Ó dúró bẹ́ẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún.

"Ẹ tu ú dànù," ni ọmọ rẹ̀ wí, ó ń wá abọ́ kiri. "Màámi, ẹ tu ú dànù."

Ó mi orí, ó sì gbé e mì.