Kí Iná Tó Lọ

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kínní ọdún 2026, wọ́n mú iná dé sí àdúgbò wọn ní Ilora láàárọ̀ kùtùkùtù. Kí àwọn ọmọ ìta tó pariwo tán, Olúṣínà ti wà nídìí kọ̀ǹpútà. Ọyẹ́ ń fẹ́ gan-an lọ́jọ́ náà. Eruku pupa ti bo fèrèsé.

"Ẹ ò tiẹ̀ ní bọ́jú ni, Bàbá Ìyìn?" Motún, ìyàwó rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ife ẹ̀kọ gbígbóná wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Nígbà tí ẹ̀ ń fẹ́ mi sọ́nà, ẹ ò sáré tó báyìí."

"Nígbà yẹn, NEPA kọ́ ló ń mú ọ wá tó tún ń mú ọ lọ."

Motún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó mọ ìdí tó fi ń sáré.

Màmá Olúṣínà, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ni etí rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ti òsì ti di pátápátá. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Ọ̀yọ́ ní ti ọ̀tún náà kò ní pẹ́ tẹ̀lé e. Ohun kan ṣoṣo ni Màmá wá béèrè. Nígbà tí bàbá Olúṣínà ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Kàdúná, kò mọ̀wé kọ, nítorí náà inú kásẹ́ẹ̀tì ló máa ń sọ̀rọ̀ sí, tí yóò fi rán awakọ̀ wá sílé. Èyí tó rán kẹ́yìn kó tó kú nìkan ló kù.

"Kí n tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan," ni Màmá wí, "kí ilẹ̀kùn tó tì."

Nínú oṣù Kejìlá, Olúṣínà gba ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà. Bí téèpù ṣe ń yí ni ara rẹ̀ ń bó wẹ́wẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Nígbà tó fi yí dópin, ó ti di ọ̀rá lásán, kò tún lè sọ nǹkan kan mọ́. Ohùn ti wọlé, ṣùgbọ́n ariwo kan bò ó mọ́lẹ̀ bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Etí tó dá ṣáṣá lè gbọ́ ọ. Etí Màmá kò lè gbọ́ ọ.

Ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà náà tó lè ṣa ariwo kúrò lára ohùn. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n tà fún un ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ nígbà tí wọ́n ra tuntun. Iṣẹ́ náà ń gbà á ju wákàtí mẹ́ta lọ, iná wọn kì í sì í tó bẹ́ẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, iná gé e lẹ́ẹ̀mẹta. Jẹnẹrétọ̀ ilé kò ṣeé gbọ́kàn lé, nítorí iná rẹ̀ tó ń fò sókè sódò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jó kọ̀ǹpútà náà rí.

Ìdí nìyí tó fi pinnu láti mú kí ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà máa sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Kò fi wàdùwàdù ṣe é. Ó gbọn eruku fáànù, ó nu gírísì tó ti gbẹ lórí ọpọlọ náà, ó fi tuntun sí i. Ó wọ ibi ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, ó fi ìwọ̀nba díẹ̀ kún eré rẹ̀. Ó wá di iṣẹ́ wúwo rù ú, ó jókòó tì í, ó ń wo bí ara rẹ̀ ṣe ń gbóná tó. Bó bá dúró ṣinṣin, yóò tún fi díẹ̀ kún un. Bó bá dákú, yóò fà á sẹ́yìn. Láàárọ̀láàárọ̀ ló ń ṣe é, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ìrìn, títí ó fi mọ ibi tí ara kọ̀ǹpútà náà gbà dé.

Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Sátidé yìí, ó ṣírò rẹ̀, ó rí i pé iná lè má dúró kí iṣẹ́ náà tó parí. Ó wo ọyẹ́ tó ń fẹ́ wọlé. Ó ní ara kọ̀ǹpútà yóò tutù. Ó fi ìwọ̀n kan kún eré náà sí i, èyí tí kò tíì dán wò rí, ó sì tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ.

"Ṣé ẹ ti da ohùn yẹn kọ síbòmíràn?" ni Motún béèrè.

"Inú kọ̀ǹpútà ti kún. Bó bá ṣe é tán, yóò kọ tuntun lé àtijọ́ lórí. Fuláàṣì tí mo lè dà á kọ sí wà ní ọ́fíìsì."

"Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ Ajé nígbà náà."

"Ta ló mọ ohun tí Màmá yóò ṣì máa gbọ́ lọ́jọ́ Ajé?"

Motún gbé ife ẹ̀kọ kalẹ̀, ó jáde.

Iṣẹ́ náà ń lọ. Olúṣínà jókòó tì í fún ohun tó lé ní wákàtí kan, ìgbóná rẹ̀ kò kọjá ibi tó yẹ. Ìgbà yẹn ni Motún pè é láti ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo àdúgbò ló ń fi iná tó dé fa omi, àwọn èèyàn sì ti ń ti ara wọn nídìí kànga ẹ̀rọ. Kẹ́ẹ̀gì wọn ti dé iwájú, òun nìkan kò lè gbé e.

Olúṣínà pe Màmá wọlé, ó sọ̀rọ̀ sí i létí ọ̀tún. "Màmá, ẹ bá mi ṣọ́ nǹkan yìí. Ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun ṣe é."

"Ṣé ọmọ ọwọ́ ni mí ni?" ni Màmá dáhùn. "Lọ pọnmi ẹ."

Omi náà pẹ́ ju bó ṣe rò lọ. Nígbà tó padà, fèrèsé ti wà ní títì. Aṣọ funfun tí Màmá fọwọ́ ara rẹ̀ hun, èyí tí wọ́n fi ń bo tẹlifíṣọ̀n, ló bo kọ̀ǹpútà láti orí dé ìdí. Màmá jókòó tì í, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan.

"Lọ́rì kan ló kọjá," ni Màmá wí. "Eruku ni ì bá jẹ ẹ́ run. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ óò ra nǹkan gidi, ẹ ò ní bò ó. Tẹlifíṣọ̀n tí bàbá rẹ rà, ṣé kò pẹ́ lọ́wọ́ mi?"

Olúṣínà ti ká aṣọ náà kúrò. Ooru tó jáde gbá a lójú bí ẹni ṣí ìkòkò. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà. Iye ìgbóná rẹ̀ ti pọ́n. Ó ti ṣa ariwo tán, ó ti ń kọ ohùn tuntun lé ti àtijọ́ lórí.

Ó nawọ́ kó pa á, ó sì dúró. Bó bá dá a dúró níbẹ̀, èyí tó kọ yóò jẹ́ àbọ̀, èyí tó wà tẹ́lẹ̀ yóò sì ti bàjẹ́. Bó bá fi í sílẹ̀, ó lè dé èbúté, ó sì lè má dé e.

"Motún, ṣí fèrèsé."

Motún ju kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, ó sáré ṣí i. Olúṣínà mú páálí, ó ń fẹ́ ẹ. Màmá kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó mú abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, òun náà ń fẹ́ ẹ. Ó kù díẹ̀ kó kọ ọ́ tán nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà ṣú, fáànù sì dákẹ́.

Motún wo òkè. Gílóòbù ṣì ń tàn; kì í ṣe iná ló lọ.

Wọ́n dúró kí ara rẹ̀ tutù. Olúṣínà dá eré rẹ̀ padà sí bí wọ́n ṣe ṣe é, ó tàn án. Ó tàn. Orúkọ fáìlì náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí i, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Màmá ń wo ẹnu rẹ̀. "Ṣé aṣọ mi ni?"

Motún gbójú sílẹ̀. Olúṣínà wo aṣọ tó wà nílẹ̀, ó wo ọwọ́ Màmá tó ṣì di abẹ̀bẹ̀ mú.

"Rárá, Màmá. Èmi ni mo lé e jù."

Màmá gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìwọ gbọ́ ọ nínú oṣù Kejìlá. Kí ló wí?"

Olúṣínà kúnlẹ̀, ó fẹnu sún mọ́ etí ọ̀tún rẹ̀. "Ó ní, Àwẹ̀ní, mo kí ọ o. Ó ní kí ẹ má ta iṣu tó wà nínú àká. Ó ní ṣé ọmọ náà ti ń rìn, kí ẹ má jẹ́ kó máa lọ sí ẹ̀bá títì."

Màmá ń mi orí. "Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

Lẹ́yìn ìyẹn, Olúṣínà kò fetí sí i mọ́ lọ́jọ́ náà. Téèpù tó ń bó ló ń wò. Ó ti rò pé bí ariwo bá kúrò, òun àti Màmá yóò jọ gbọ́ ìyókù.

"Ibi tí mo gbọ́ ọ dé nìyẹn, Màmá."

Motún mú aṣọ náà nílẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀, ó dá a padà sórí tẹlifíṣọ̀n. Màmá ti gbàgbé ìyókù ọ̀rọ̀ náà tipẹ́, kò sì sí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ. Ó ti sọnù.